Ọmọ Tí A Pè Ní Aláìgbọràn: Ẹ̀kọ́ Nípa Omi Inú Etí

Ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń pe ohun méjì. Ẹni tí etí rẹ̀ dá ṣáṣá, a ní ó ń gbọ́ràn; ẹni tí ó sì ṣe ohun tí a pa láṣẹ fún un, a ní ó gbọ́ràn pẹ̀lú. Nítorí náà, bí a bá rán ọmọ ní iṣẹ́ tí kò sì jẹ́ ẹ, òbí a máa rò pé ọkàn rẹ̀ ni ó le. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí ọkàn wọn kò le rárá. Omi ni ó kún inú etí wọn.

Kí a mú ọmọ ọdún 6 kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá rẹ̀ wà nídìí ààrò, ó ké sí i pé, "Lọ ká aṣọ." Ọmọ náà gbọ́ "Lọ sá aṣọ"; ó kó aṣọ mìíràn jáde, ó sì sá a sórí okùn, òjò sì ti ṣú. Baba rẹ̀ pè é láti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn. Ní ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ pe ọ̀rọ̀ fún wọn láti kọ sílẹ̀, ọmọ náà sì kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò wí. Nígbà tí ó di alẹ́, pàṣán ni wọ́n fi bá a wí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìyá rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, ó bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú, ó sì dáhùn kíákíá. Nígbà náà ni gbogbo ilé wí pé, "Ṣé ẹ rí i? Ó ń gbọ́. Oríkunkun ni ó ń ṣe."

Ọmọ náà kò lè ṣàlàyé ara rẹ̀. Kò sí ìrora tí yóò fi han ìyá rẹ̀, kò sì mọ̀ pé àwọn ẹlòmíràn ń gbọ́ ju òun lọ. Báyìí ni ọmọ ń jìyà fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ń fà sẹ́yìn.

BÍ ETÍ TI RÍ

Etí ènìyàn pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni etí òde tí a ń fi ojú rí, pẹ̀lú ihò rẹ̀ tí ó wọ inú lọ títí dé ibi tí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti dí i. Bí a ti ń fa awọ lé ojú ìlù ni a fa awọ yìí; bí ìró bá sì kàn án, a máa gbọ̀n. Lẹ́yìn awọ náà ni etí àárín wà, èyí tí í ṣe yàrá kékeré kan tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Egungun kéékèèké mẹ́ta ni ó so kọ́ra wọn níbẹ̀, èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn ni ó sì kéré jù lọ nínú gbogbo egungun ara ènìyàn. Àwọn wọ̀nyí ni ń gba gbígbọ̀n awọ náà, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọ̀nà kẹta, èyí tí í ṣe etí inú, láti ibi tí iṣan ti ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ.

Kò sí onílù tí kò mọ̀ pé bí òjò bá pa ìlù, ohùn rẹ̀ kò lè dún bí ti àtẹ̀yìnwá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti etí. Bí omi bá gba ipò afẹ́fẹ́ lẹ́yìn awọ etí, awọ náà kò lè gbọ̀n dáadáa mọ́.

Ibo ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú yàrá tí a ti sé yìí? Ọ̀nà tóóró kan wà tí ó ti ẹ̀yìn imú lọ sí etí àárín. Bartolomeo Eustachi, oníṣègùn ará Ítálì, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe ọ̀nà náà títí di òní. Nígbà tí ènìyàn bá gbé itọ́ mì tàbí tí ó bá yán, ọ̀nà yìí a ṣí, afẹ́fẹ́ a sì wọlé. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ tí ń gun òkè gíga mọ̀ ọ́n lára: etí rẹ̀ a dí, ṣùgbọ́n bí ó bá gbé itọ́ mì, etí náà a là.

BÍ OMI TI Ń DÉ IBẸ̀

Lára àgbàlagbà, ọ̀nà yìí gùn, ó sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Lára ọmọdé, ó kúrú, ó tóóró, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ọ̀fìnkìn bá mú ọmọ, ara ọ̀nà náà a wú, ọ̀nà a sì dí. Ẹran kan wà lẹ́yìn imú àwọn ọmọdé pẹ̀lú tí ó lè wú kí ó sì ṣèdíwọ́ fún un. Afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú etí àárín a máa wọ ara lọ díẹ̀díẹ̀, òmíràn kò sì wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Nígbà náà ni omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sun láti ara ògiri yàrá náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó lè ṣàn bí omi lásán. Bí ó bá pẹ́, ó lè ki títí tí yóò fi máa fà bí àtè tí a fi ń mú ẹyẹ.

Àìsàn yìí wọ́pọ̀ púpọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a ṣírò rẹ̀ pé nínú ọmọ 10, bí 8 ni yóò ti ní in lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, kí wọ́n tó pé ọdún 10. Àwọn tí ó wà láàárín ọdún 2 sí 5 ni ó ń mú jù. Ọmọ náà kì í ya adití pátápátá. Bí ẹni tí ó fi ìka di etí rẹ̀ méjèèjì ni ó ń gbọ́. Ohùn ńlá ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìró jẹ́jẹ́ inú ọ̀rọ̀ ń sọnù lọ́nà. Èyí ni ó fà á tí ọmọ tí a ní kí ó ká aṣọ fi lọ sá a.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ ÒBÍ ÀTI OLÙKỌ́ YÓÒ FI MỌ̀ Ọ́N

1. Bí a bá pe ọmọ láti ẹ̀yìn kò dáhùn, ṣùgbọ́n bí a bá pè é lójúkojú, ó dáhùn.

2. Ó ń béèrè lemọ́lemọ́ pé, "Kí ni ẹ wí?", tàbí ó ń tẹjú mọ́ ẹnu ẹni tí ń sọ̀rọ̀.

3. Ó ń sọ̀rọ̀ sókè ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí ó ń fi etí ti rédíò kí ó tó lè gbọ́.

4. Ó ń gbọ́ dáadáa ní ọ̀sẹ̀ kan, kò sì gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, pàápàá nígbà tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe é. Àmì yìí ni ó ń tan òbí jẹ jù lọ.

5. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀.

6. Ó ń kọsẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí inú etí ni ara ti ń mọ bí a ti ń dúró ṣinṣin.

7. Olùkọ́ ń ráhùn pé kò fi ọkàn sí ẹ̀kọ́, tàbí ó ń yẹra fún ẹgbẹ́ láti dá ṣeré.

Ìdánwò kan wà tí òbí lè ṣe nílé. Kí ó dúró sí ẹ̀yìn ọmọ ní ìwọ̀n apá kan, kí ó rọra fi ìka di etí kan fún un, kí ó sì sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ọmọ mọ̀ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí "ajá", "iṣu", "bàtà". Kí ọmọ sọ ohun tí ó gbọ́. Lẹ́yìn èyí kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún etí kejì. Ìdánwò yìí kò lè fi àrùn hàn, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ń ṣì í gbọ́ léraléra ní láti dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Oníṣègùn ní ohun èlò tí a fi ń tan iná wo awọ etí, òmíràn sì wà tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí awọ náà láti mọ̀ bóyá ó ń mì tàbí omi ti dè é mọ́lẹ̀.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ni a ti ń kán àdín gbígbóná, omi ewé, wàrà ọmú tàbí ìtọ̀ sí etí ọmọ. Kí olúkúlùkù ronú sí ọ̀rọ̀ yìí: ẹ̀yìn awọ ni omi náà wà, ohun tí a bá dà sí ihò etí, iwájú awọ ni yóò dúró. Bí ẹni tí ń da omi sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí iná ń jó nínú yàrá tí a tì ni. Bí awọ náà bá sì ti lu, ohun tí a dà yóò wọ inú lọ láti ba ibẹ̀ jẹ́. Òróró gbígbóná a máa jó ara etí. Ìyẹ́ adìyẹ, igi ìṣáná àti owú orí igi a máa ti ìdọ̀tí wọ inú sí i, wọ́n sì lè lu awọ etí.

Bákan náà, kí a má ṣe sáré lọ ra oògùn apakòkòrò lọ́wọ́ àwọn tí ń ta oògùn. Ní ti omi yìí, àǹfààní rẹ̀ kéré, ìpalára rẹ̀ sì lè ju àǹfààní lọ. Oògùn ọ̀fìnkìn tí a ń mu àti èyí tí a ń kán sí imú kò lè gbẹ omi náà. A dán oògùn líle kan tí a ń pè ní sítẹ́rọ́ọ̀dù wò lára ọmọ 389 ní Wales àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 5, nínú ọmọ 100 tí ó lò ó, 40 ni ìgbọ́ràn wọn dára. Nínú 100 tí kò lò ó, 33 ni. Ìyàtọ̀ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè gbára lé e. Ẹ̀kọ́ ńlá tí ó wà níbẹ̀ ni pé ara àwọn tí kò lo oògùn kankan pàápàá ń yá.

OṢÙ MẸ́TA

Nítorí èyí, bí oníṣègùn bá ti wo etí ọmọ tí ó sì ti rí i pé omi yìí ni, ìtọ́jú àkọ́kọ́ ni kí a dúró fún oṣù mẹ́ta, kí a sì máa ṣọ́ ọ. Bí ìdajì nínú àwọn ọmọ tí ó ní in ni omi náà ń gbẹ lára wọn láàárín àkókò yìí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n dídúró kì í ṣe ìjókòó lásán. Àgbẹ̀ tí ó gbin iṣu kò lè fi ọwọ́ fà á jáde kí àkókò rẹ̀ tó pé, síbẹ̀ kò fi oko sílẹ̀ fún koríko. Kí a fi àmì sí ọjọ́ tí oníṣègùn wo ọmọ lára kàlẹ́ńdà. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ni kí a tún gbé e padà lọ, ìbáà ṣe pé a rò pé ó ti sàn.

Ní gbogbo àkókò náà, kí ará ilé ran ọmọ lọ́wọ́ láti gbọ́. Kí a pe orúkọ rẹ̀, kí a sì dúró kí ó wojú ẹni kí a tó sọ ohun tí a fẹ́. Kí a sún mọ́ ọn, kí ìmọ́lẹ̀ wà ní ojú ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Kí a pa rédíò kí a tó bá a sọ̀rọ̀. Kí a sọ̀rọ̀ ketekete láìkígbe, nítorí igbe a máa da ọ̀rọ̀ rú. Kí olùkọ́ mú un jókòó ní iwájú, jìnnà sí fèrèsé tí ariwo ń gbà wọlé, kí ó má sì kọ ojú sí pátákó nígbà tí ó bá ń ṣàlàyé. Bí ọmọ bá ṣi iṣẹ́ jẹ́, kí a ní kí ó tún ohun tí ó gbọ́ sọ kí a tó dá a lẹ́bi.

FÍFẸ́ FÈRÈ PẸ̀LÚ IMÚ

Láti ayébáyé ni àwọn oníṣègùn ti ń wá bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe gba ẹ̀yìn imú wọ etí láìsí iṣẹ́ abẹ. Ní ọdún 1704 Antonio Valsalva, ará Ítálì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé bí ènìyàn bá pa ẹnu dé, tí ó di imú, tí ó sì rọra fẹ́ afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ náà yóò lọ sí etí. Ní ọdún 1863 Adam Politzer ní ìlú Vienna fi àpò rọ́bà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú aláìsàn nígbà tí aláìsàn ń gbé omi mì.

Lóde òní ohun kan wà tí ó rọrùn fún ọmọdé. Ó jẹ́ fèrè rọ́bà bí irú èyí tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ kí ó wú, ṣùgbọ́n a fi í sí ẹnu ìdérí kékeré kan tí ó bá ihò imú mu. Ọmọ yóò fi ìdérí náà sí ihò imú kan, yóò fi ìka di ìkejì, yóò pa ẹnu dé, yóò sì fi imú fẹ́ ẹ títí fèrè náà yóò fi tó ọsàn ńlá. Lẹ́yìn náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀ ní ihò kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni a ń ṣe é, fún oṣù kan sí mẹ́ta.

A dán ìtọ́jú yìí wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára ọmọ 320 tí ó wà láàárín ọdún 4 sí 11, a sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Ní òpin oṣù kìíní, etí bí 47 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó fẹ́ fèrè ti padà sípò. Nínú àwọn tí kò fẹ́ ẹ, bí 36 ni. Ní òpin oṣù kẹta ó jẹ́ bí 50 sí 38. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìrànlọ́wọ́ tí kò ní ewu púpọ̀, tí òbí sì lè ṣe àbójútó rẹ̀ nílé.

Kí a kíyè sí nǹkan mẹ́ta. Fèrè lásán tí a ń rà ní ọjà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí a kò wọn agbára rẹ̀. Ó sì lè há ọmọdé lọ́nà ọ̀fun. Àgbàlagbà gbọdọ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọ nígbà tí ó bá ń fẹ́ ẹ. Bí etí bá ń dun ọmọ, tàbí tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, kí a dáwọ́ dúró.

BÍ OMI KÒ BÁ GBẸ

Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí ọmọ kò tíì gbọ́ dáadáa, kí a má ṣe jókòó sílé. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá, bí UCH ní Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, ní ẹ̀ka tí ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun. A lè fún ọmọ ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún ìgbà díẹ̀. Irú kan wà pẹ̀lú tí a ń fi ọ̀já dè mọ́ orí. Egungun orí ni ó ń gbé ìró gbà lọ sí etí inú, tí kò fi ní kọjá nínú omi náà rárá. Àwọn ọmọ mìíràn yóò nílò kí a fi ọ̀pá kékeré kan sí ojú awọ etí kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni èyí, kì í sì ṣe ohun ìtìjú.

Àwọn kan wà tí wọn kò gbọdọ̀ dúró oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó rí oníṣègùn. Àwọn ni ọmọ tí etí rẹ̀ ń tú ọyún. Tí etí ń dùn pẹ̀lú ibà. Tí ẹ̀yìn etí rẹ̀ wú. Tí ojú tàbí ẹnu rẹ̀ wọ́ sí apá kan. Tí kò tíì sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Àti ọmọ tí a bí pẹ̀lú àjà ẹnu tí ó là, nítorí omi yìí a máa pọ̀ lára irú wọn.

OHUN TÍ Ó Ń DÁÀBÒ BO ETÍ

Kí a fún ọmọ ìkókó ní ọmú ìyá nìkan títí di oṣù 6. Kí a má ṣe rọ ọmọ ní ẹ̀kọ tàbí àgbo nígbà tí ó dùbúlẹ̀ gbalaja, nítorí ohun tí a ń rọ ọ́ lè gba ẹ̀yìn imú lọ sí ọ̀nà etí. Kí a gbé orí rẹ̀ sókè nígbà tí ó bá ń jẹun. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu sìgá níbi tí ọmọ wà, kí a má sì tẹ́ ẹní ọmọ sí ibi tí èéfín ààrò pọ̀ sí. Kí a máa fọ ọwọ́ nígbà tí ọ̀fìnkìn bá wà nínú ilé. Kí a sì mú ọmọ lọ gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Láti ọdún 2014 ni Nàìjíríà ti fi èyí tí ń dènà kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀fóró kan kún wọn. Kòkòrò náà sì wà lára àwọn tí ń fa àrùn etí.

Ǹjẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọ ọdún 6 náà. Bí baba rẹ̀ bá gbé pàṣán sílẹ̀, tí ó dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó sì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò mọ̀ ní ìṣẹ́jú kan ohun tí ìyà ọdún kan kò lè fi hàn án. Pàṣán kò lè gbẹ omi inú etí. Kí a tó na ọmọ nítorí pé kò gbọ́ràn, kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó gbọ́.